Ṣé o mọ̀? Ìmọ́lẹ̀ tó lè ya ọ́síjìn sí méjì

Agbára tó so átọ̀mù méjì inú mólékù ọ́síjìn pọ̀ tó nǹkan bíi 498 kìlójúùlù fún móòlù kan. Bí a bá fi 6.022 × 10²³, iye mólékù inú móòlù kan, pín in, ti ẹyọ kan jẹ́ 8.27 × 10⁻¹⁹ júùlù. Sọ iye àìyípadà Planck di púpọ̀ pẹ̀lú eré ìmọ́lẹ̀, fi agbára yìí pín in: ìgbì nánómítà 240 ló jáde. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 400. Bí ìgbì bá ṣe gùn tó ni agbára ẹyọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń kéré tó, nítorí náà bó ti wù kí ìmọ́lẹ̀ yìí mọ́lẹ̀ tó, kò lè ya ọ́síjìn. Kílórínì kò le tó bẹ́ẹ̀. 243 kìlójúùlù péré ni tirẹ̀, nítorí náà ìgbì 492 ti tó o. Abájọ tí àdàlù kílórínì àti háídírójìn fi ń bú gbàmù nínú oòrùn.