Nọ́ọ̀dù Bitcoin wà ní pálọ̀ mi, kò sì pa kọ́bọ̀ wọlé

"Èló lò ń rí lórí nǹkan yìí lóṣù?" Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ mi máa ń bi mí nìyẹn. Raspberry Pi ni, kọ̀ǹpútà tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ. Mo fi wáyà so díìsìkì SSD mọ́ ọn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn. Tí mo bá ní kò pa kọ́bọ̀, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tí àwọn gbájúẹ̀ ti rí mú.

Àbúrò mi obìnrin ló fà á. Ó ta láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ní Bitcoin lòun fẹ́ fi sanwó. Ọkùnrin náà fi líńkì kan ránṣẹ́, àbúrò mi tẹ̀ ẹ́, ó rí i níbẹ̀ pé owó ti wọlé, ló bá gbé láptọ́ọ̀pù lé e lọ́wọ́. Ayédèrú ni líńkì yẹn. Èmi lọ́yà, gbogbo ohun tí mo rí ṣe fún un kò ju pé ká jọ lọ kọ sítétímẹ́ǹtì ní àgọ́ ọlọ́pàá. (Ká ní ó wo wọ́lẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni, ì bá ti mọ̀. Mo ti sọ ìyẹn fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.)

Àwọn máínà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń sanwó fún. Iṣẹ́ nọ́ọ̀dù ni kó yẹ gbogbo owó tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti January 3, 2009 wò fúnra rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ná owó kan lẹ́ẹ̀mejì, tí máínà bá bu owó fún ara rẹ̀ ju iye tí òfin gbà, nọ́ọ̀dù mi á da blọ́ọ̀kù yẹn nù. Ẹni tó bá ti wá fáìlì ilẹ̀ rí fún oníbàárà á mọ ìdí tí èyí fi wù mí: tí akọ̀wé bá ti ní kò sí fáìlì, kò sí fáìlì nìyẹn.

Ọ̀fẹ́ ni Bitcoin Core. Dátà ni ìyà ibẹ̀, torí ó ju 600GB lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé prune á dín in kù o. Àyè orí díìsìkì ni prune ń dín kù. Gbogbo blọ́ọ̀kù yẹn lẹ ṣì máa wà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà tí tèmi ń wá a bọ̀, iná lọ lójijì, database bàjẹ́, ó di dandan kó tún blọ́ọ̀kù kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Orí ínfátà ló wà báyìí, iná tó ń jẹ kò tó ti fáànù.

Ṣé òfin gbà á? Ní February 5, 2021, CBN pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò pa. December 2023 ni wọ́n tó yí i padà. Kódà nígbà tí àṣẹ yẹn le jù, báǹkì ló kọjú sí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà inú pálọ̀ yín.

Àbúrò mi ṣì ń tajà. Tí oníbàárà bá ní òun ti fi Bitcoin sanwó, á pè mí: "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bi ẹ̀rọ yín." Tó bá ti pé blọ́ọ̀kù mẹ́fà, bíi wákàtí kan, màá ní kó gbé ọjà sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan búra pé òun ti sanwó fóònù kan. A dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, nọ́ọ̀dù ò rí nǹkan kan. Fóònù náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀.