Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí AS bá fẹ́ AS

Ẹ̀yin ará Ìgbàrà-Òkè, bí ẹ bá ń ṣèwádìí ilé ọkọ àti ilé ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè jẹ́nótáìpù.

Lẹ́tà jẹ́nótáìpù kan ni bàbá á fún ọmọ, ìyá á fún un ní kan. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ọ̀nà 4 ni lẹ́tà wọn lè gbà pàdé: 1 á bí AA, 2 á bí AS, 1 á bí SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ládìde. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí o! Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àbúrò rẹ̀ ò tíì bọ́.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ SS a máa tẹ̀ bíi dòjé, a dí ojú iṣan, egungun á máa ro ọmọ, á ké mọ́jú. Kì í ṣe ọwọ́ ayé rárá.

AS fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ó tiẹ̀ ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le.