Ìrókò ń parẹ́ nílẹ̀ Yewa! Ohun tó lè dá a padà rèé o

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò sọ ìtàn Olúrónbí fún nígbà tó wà ní kékeré, ìyá ọlọ́jà tó fi ọmọ ẹ̀ ṣèlérí fún ìrókò, tí ìrókò sì gba ọmọ náà nígbà tí ọjọ́ pé. Ìbẹ̀rù igi yìí ò kúrò lọ́kàn ará ilẹ̀ wa. Wọ́n ní àwọn Olúwéré ló ń gbénú ẹ̀, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kì í dédé sọ àáké sí i lára láì ṣètùtù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. Igi tí gbogbo ayé ń sá fún tẹ́lẹ̀ ló wá ń wá ibi sá sí, kò sì rí i.

Ẹ gba ọ̀nà Ìlaròó lọ sí Ayétòrò, kẹ́ ẹ ti ibẹ̀ forí lé Ìmẹ̀kọ títí dé ẹnu bodè Benin, oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo àti ibi tí wọ́n ti ń sun èédú lẹ máa rí jù. Ìrókò ńlá tó dá dúró láàárín oko níbi kan, ó di kẹ́ ẹ tún rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí òmíì. Kì í ṣe pé ìjọba ò yagbó sọ́tọ̀ lágbègbè náà o. Igbó ìjọba wà ní Ìlaròó, ó wà ní Ẹ̀gùá, ó wà ní Ohunbẹ, Aworo náà sì ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìjọba bá fẹ́ gbin igi sípò èyí tí wọ́n gé, tíìkì àti mẹlaina ni wọ́n máa ń sáré gbìn, torí àwọn yẹn tètè ń dàgbà. Bẹ́ẹ̀, àlejò làwọn méjèèjì, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti wá. Onílé wá ń parẹ́, àlejò ń gbilẹ̀.

Kí ló dé táwọn onígẹdú ò fi lè mójú kúrò lára ìrókò? Ọ̀rọ̀ owó ni. Ìrókò lè ga tó àádọ́jọ ẹsẹ̀ bàtà, kó má sì yọ ẹ̀ka títí tó fi dé òkè réré. Ikán kì í fẹ́ bá a ṣeré, òjò kì í tètè jẹ ẹ́. Ilẹ̀kùn ni, àga ni, òrùlé ni, ọkọ̀ ojú omi náà ni. Kódà, òkúta máa ń wà nínú òmíì, èyí tí igi náà fúnra ẹ̀ ń ṣe sára, àwọn tó ń la pákó ní sọ́mìlì mọ ohun tí òkúta yẹn máa ń fojú ayùn rí. Síbẹ̀, wọn ò fi í sílẹ̀.

Ọdún 1998 ni IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ti kọ ọ́ pé ìrókò ti sún mọ́ bèbè ewu. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Panama lóṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fi òfin káríayé dè òwò ọ̀gànwó àti apá ilẹ̀ Áfíríkà, pé ẹni tó bá fẹ́ tà á sókè òkun gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Orúkọ ìrókò ò sí níbẹ̀ ní tiẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, ‘Ṣé ìyẹn náà le ni? Ẹ sáà gbin òmíì.’ Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Kòkòrò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Phytolyma, kò tó eṣinṣin. Orí ọ̀jẹ̀lẹ̀ ewé ìrókò ló máa ń yé ẹyin sí. Bí ọmọ ẹ̀ bá ti jáde, á wọnú ewé lọ, ibẹ̀ á wú bíi kókó, òun á wà nínú ẹ̀ tí yóò máa jẹun. Tó bá dàgbà tán, kókó yẹn á bẹ́, ibẹ̀ á rà, ẹ̀ka tuntun á kú láti òkè wá sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbin ìrókò nìkan sójú kan bí ẹni gbin àgbàdo, ẹ ti pe àsè fún kòkòrò náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìrókò ni kì í kọjá ibẹ̀. Ìdí tí àwọn tó ń gbingi fi sá lọ bá tíìkì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ń là. Lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ méjì, J. R. Cobbinah àti M. R. Wagner, kọ̀wé pé kì í ṣe gbogbo ìrókò ni kòkòrò yìí ń bá jà bákan náà. Ọmọ igi kan á fara gbá gan-an, ti ìyá míì á sì lágbára láti dúró. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá mọ ìyá tó dáa, wọ́n á rí ọmọ tó dáa. Ní Ghana, wọ́n tún ti gbin ìrókò pọ̀ mọ́ afárà, torí pé òjìji díẹ̀ àti igi míì láàárín máa ń dín ìyọnu kòkòrò náà kù.

Ètò tó lè dá ìrókò padà sí Yewa kò wá ju báyìí lọ. Àkọ́kọ́, kí wọ́n ka àwọn àgbà ìrókò tó ṣẹ́ kù láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n sì mọ èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo. Bẹ́ẹ̀ ni o, ìrókò ní akọ, ó ní abo. Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ bá abo. Bí wọ́n bá gé akọ tó wà lágbègbè kan tán, abo tó kù níbẹ̀ ò ní rí ẹni bá a bímọ.

Èkejì, kí wọ́n ṣa èso lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìyá, kì í ṣe ẹyọ kan. Hóró ẹ̀ kéré gan-an, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sá a gbẹ dáadáa, ó ṣeé tọ́jú pa mọ́. Ìbàdàn ò jìnnà. Iléeṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ti wà níbẹ̀ láti 1954, NACGRAB tó ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ wa sì wà ní Moor Plantation láti 1987. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ sì wà ní Ayétòrò gan-an.

Ẹ̀kẹta, kí àgbẹ̀ má máa fi àdá gé èyí tó bá dá hù lóko, tàbí èyí tó bá rú láti ara kùkùté. Ìrókò tó ti ní gbòǹgbò nílẹ̀ yá ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tọ́. Ẹ̀kẹrin ni ti àdán. Àwọn tó ń yìn wọ́n níbọn kó sínú ọbẹ̀ ò mọ̀ pé àdán ló ń jẹ èso ìrókò lóru, tó sì ń gbé hóró ẹ̀ lọ sọ sí ibi tó jìnnà. Àgbẹ̀ tí kì í gbowó ni.

Ẹ̀karùn-ún ló le jù, ọ̀rọ̀ ẹnu bodè. Òfin ilẹ̀ wa ò gbà kí wọ́n kó gẹdú jáde, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n là tàbí èyí tí wọn ò là. Ṣùgbọ́n ọ̀nà igbó pọ̀, ìrókò ò sì mọ ibi tí Nàìjíríà parí sí. Ní Benin lọ́hùn-ún, Christine Ouinsavi àti Nestor Sokpon wà lára àwọn tó tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2005, wọ́n ní ara ohun tó ń dáàbò bo ìrókò níbẹ̀ ni òrìṣà àti èèwọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn. Lọ́dún 2012, ìjọba Benin ṣòfin láti máa dáàbò bo àwọn igbó òrìṣà. Níbí, ọ̀pọ̀ ti kúrò nídìí ìbẹ̀rù Olúwéré, wọ́n ti di onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi rọ́pò èèwọ̀ ọ̀hún? Òfin tí kò lẹ́ṣọ̀ọ́ nídìí ò lè ṣiṣẹ́ tí ìbẹ̀rù ṣe.

Ẹni tó bá sì ní Yewa àti Kétu ò lè jọ ṣe é, kó rántí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Benin, Nàìjíríà àti Togo ló jọ gbé e lọ síwájú UNESCO, tí wọ́n fi kéde ẹ̀ lọ́dún 2001 pé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ni. Ohun tí wọ́n ṣe fún eégún onígi, wọ́n lè ṣe é fún igi fúnra ẹ̀.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń ṣẹ́ ìrókò, tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Gbogbo ayé ló mú apá ‘ṣẹ́’ níbẹ̀. Àsìkò tó kí wọ́n mú apá ‘kékeré’, nítorí ìrókò tí wọ́n bá dá sí lónìí, ẹni tó dá a sí kọ́ ni yóò là á ní pákó. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ ni. Tí kò bá sì sẹ́ni tó dá a sí, ìtàn Olúrónbí làwọn ọmọ Ìlaròó máa gbọ́, wọn ò ní mọ irú igi tí wọ́n ń sọ.