Ikú Okonkwo Lójú Ọmọ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe yìí ló gba ọkàn mi nígbà tí mo ka Things Fall Apart tán ní Awada níhìn-ín, níbi tí Ogidi, ìlú baba Chinua Achebe, kò ti jìnnà sí wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, gbogbo wa la ti ka ìwé náà nítorí ìdánwò, ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́ ni ọ̀pọ̀ wa sì ń kọ. Èyí tó wà nínú mi gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ní 1958 ni ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Okonkwo ará Umuofia ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: kó má dà bí Unoka baba rẹ̀, onígbèsè tó fẹ́ràn fèrè ju oko lọ. Kí n má purọ́, n kò fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Odidi ọdún mẹ́ta ni Ikemefuna fi gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń pè é ní baba. Àgbàlagbà Ezeudu kìlọ̀ fún un pé kó má lọ́wọ́ sí ikú ọmọ náà, síbẹ̀ ó ṣá a ládàá kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ojo.

Àmọ́ ìparí ìwé náà ṣe mí láàánú. Okonkwo pa akódà ìjọba òyìnbó, kò sí ẹni tó bá a dìde, ló bá pokùn so. Ibí yìí ni ojú Yorùbá ti lè ṣi ìwé kà. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí ìlú bá kọ̀, wọn a fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, òun náà a sì kú. Nínú Ọba Wàjà tí Dúró Ládipọ̀ kọ àti Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1975, ẹni tí kò bá ọba kú lásìkò ni ìtìjú bá. Ọmọ Yorùbá á ní akọni ni Okonkwo, ó kọ ẹ̀sín.

Ní Umuofia, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pa ara rẹ̀ ti ṣẹ ilẹ̀, ilẹ̀ sì jẹ́ òrìṣà. Ará ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú rẹ̀. Àlejò ni yóò sin ín, wọn a sì rúbọ láti wẹ ilẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin Umuofia ló ṣàlàyé èyí fún Ajẹ́lẹ̀. Ẹ wá rántí Unoka: ara rẹ̀ wú, wọ́n sì gbé e lọ kú sínú igbó burúkú láìsí sàréè. Gbogbo ọjọ́ ayé Okonkwo ló fi sá fún irú ìgbẹ̀yìn baba rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì já sí. Kókó ìwé náà nìyẹn.

Ṣé a wá yàtọ̀ sí wọn tán? Rárá o. Bí pípokùnso bá jẹ́ ọlá lọ́dọ̀ tiwa, kí ló dé tí àwọn olùsìn Ṣàngó fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ọba kò so? Ikú tí à ń bọlá fún ni èyí tí ẹnì kan kú nítorí ìlú. Okonkwo nìkan ló ni ikú tirẹ̀.

Mo ní ẹjọ́ kan bá ìwé náà rò. Ikemefuna ń ronú ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi pa á, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn ìyá náà rárá. Ó ṣì ń dùn mí.

Wálé Ògúnyẹmí ti túmọ̀ rẹ̀ sí Ìgbésí Ayé Okonkwo fún ẹni tó bá fẹ́ kà á ní èdè wa. Ṣùgbọ́n èdè nìkan kọ́ ni ìtumọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àárín Ìgbò bíi tèmi, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ohun tí ilẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ tó dájọ́ Okonkwo.