Koríko Tí Ó Di Oúnjẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Acha

Bí a bá wí fún ará Ìkọ̀yà pé kí ó jẹ koríko, yóò rò pé a bú òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ìran koríko ni àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì. Àgbẹ̀ ni ó sọ wọ́n di oúnjẹ. Ọ̀kan mìíràn sì ń bẹ nínú wọn tí àwa kò náání: àwọn Haúsá ń pè é ní acha, àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pè é ní fóníò.

Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé láti ara koríko kan tí ó ṣì ń hù nínú igbó ni ó ti wá. Ìwà ìgbẹ́ kò tíì tán lára rẹ̀: bí ó bá gbó tí a kò tètè kórè rẹ̀, hóró rẹ̀ a dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa so lórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, oríṣi rẹ̀ kan a sì gbó kí oṣù mẹ́ta tó pé, nígbà tí àká ṣófo.

Ibn Battuta, arìnrìn-àjò nì, bá a ní ilẹ̀ Málì ní ọdún 1352. Títí di òní ni a ń gbìn ín ní agbègbè Jos. Ní Togo, àwọn Akposso, aládùúgbò àwọn Ifẹ̀ tí í ṣe ìbátan wa ní Atakpamé, a máa ṣe ọdún Ovazu nítorí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ọdún iṣu titun.

Kí ni ó dé tí kò fi pọ̀ lọ́jà wa? Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Hóró rẹ̀ kéré bí iyanrìn. Àwọn obìnrin a gún un ní àgúntúngún kí èèpo tó bọ́, wọn a sì ṣàn án títí iyanrìn yóò fi tán. Ará Ìkálẹ̀ tí ó mọ wàhálà púpurú, láti orí rírẹ ẹ̀gẹ́ títí dé yíyan án lórí iná àti híha ara rẹ̀ tí ó jó, yóò mọ ohun tí a ń wí. Ní ọdún 1996, Sanoussi Diakité ará Senegal gba ẹ̀bùn Rolex nítorí ẹ̀rọ tí ó ṣe láti fi bó o.

A kò wí pé kí a pa oko ẹ̀gẹ́ tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ oníṣòwò òkè Ọya, kí ó kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú omi, kí ó sì wo ìsàlẹ̀ abọ́. Bí iyanrìn bá wà níbẹ̀, kí ó má ṣe san owó gọbọi. Ẹ̀yin olówó tí ń wá ohun tí ẹ ó dá lé, ẹ ronú sí ẹ̀rọ. Ibi tí a bá ti dín iṣẹ́ odó kù fún àwọn obìnrin, níbẹ̀ ni oúnjẹ yóò ti pọ̀.