Kí Oyún Tó Dé: Ohun Tó Yẹ Kí Tọkọtaya Òde-Ìrèlè Yẹ̀ Wò

Láàárín ọjọ́ 28 tí oyún bá ti dúró, ohun tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa ń pa ẹnu pọ̀. Bí kò bá pa ẹnu pọ̀ dáadáa, wọ́n lè bí ọmọ náà pẹ̀lú ẹ̀yìn tó là sílẹ̀, tàbí kí agbárí rẹ̀ má pé. Lọ́jọ́ 28 yìí, nǹkan oṣù ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ á ṣì máa rò pé ibà ló ń ṣe òun, tàbí wàhálà oko. Ìgbà tí ikùn bá ti ń yọ lábẹ́ ìró, tí ìyàwó wá lọ gba káàdì aboyún ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ ti parí tipẹ́. Àwọn tí kò tí ì lóyún rárá la kọ ojú ewé yìí fún.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Òde-Ìrèlè wà, kò fi ọ̀rọ̀ aboyún ṣeré. Ní 2009 ni ìjọba Olúṣẹ́gun Mímíkò, gómìnà ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ, tí wọ́n ń fún aboyún ní fóònù kí wọ́n lè máa pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ìgbà tí oyún bá ti wà nílẹ̀ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó ṣáájú oyún, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù nípa rẹ̀; ọwọ́ tọkọtaya ló wà.

Ohun tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ká ti sọ ọ́ kúrò nílẹ̀: fólíìkì ásíìdì, hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó wà ní gbogbo kẹ́mísíìtì. Ní 1991 ni àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 7 jáde. Àwọn ìyá tó ti bí ọmọ ẹlẹ́yìn-lílà rí ni wọ́n fún ní oògùn yìí kí wọ́n tó tún lóyún, ó sì dín ewu náà kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n tó yẹ obìnrin tí ara rẹ̀ dá ni máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú oyún títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn onífámásì wa jẹ́ mílígíráàmù 5, tó ju ìwọ̀n yẹn lọ ní ìlọ́po méjìlá àti ààbọ̀. Ìyẹn wà fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó jẹ́ SS (ìyẹn aláìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde), ẹni tó ń lo oògùn wárápá, tàbí ẹni tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wáyé nílé rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá yín mú èyí tó bá ara yín mu. Ewédú, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà ní irú èròjà yìí nínú, ṣùgbọ́n iná tó pẹ́ lórí ẹ̀fọ́ máa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Jẹ́nótáìpù ni àyẹ̀wò tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, òun náà la sì máa ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́ lé lórí jù. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kì í ṣe pé mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò bọ́, kí ẹ̀kẹrin wá ru ẹrù náà o. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀, ilé kan sì lè bí SS mẹ́ta léra wọn. AC náà kì í ṣe ohun à ń fojú fò: bí AS bá pàdé AC, wọ́n lè bí SC, àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ni ìyẹn náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní láàbù rèé. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á kán ìwọ̀nba sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. A á sáré síwájú, S á wà lẹ́yìn rẹ̀, C á gbẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó jẹ́ AA á ní ilà kan ṣoṣo, AS á ní méjì. Láàbù tó mọ iṣẹ́ á to ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ti mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tiyín, kí wọ́n má baà ṣì í kà. Níbi tí wọn kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tí iná bá lọ láàárín kan, ojú lásán ló kù tí wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ fún láàbù: ẹni tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lè wà nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dára, kì í ṣe ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ti sọ ọ́ di dandan kí àfẹ́sọ́nà mú ìwé jẹ́nótáìpù wá. A kí wọn. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń béèrè rẹ̀. Aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, wọ́n ti san owó màlúù. Ta ló wá fẹ́ gbọ́ AS lásìkò yẹn? Ìgbà tí ọ̀rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ló yẹ ká ti béèrè. Ọ̀nà kò tíì dí pa mọ́ àwọn tó ti fẹ́ra wọn tán. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lè yẹ oyún wò láti bí ọ̀sẹ̀ 11, tàbí kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní ìta ara, kí wọ́n sì ṣa èyí tí kì í ṣe SS kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá, àmọ́ owó rẹ̀ ń dun ni. Èyí tí kò ná ni lówó púpọ̀ ni kí wọ́n yẹ ọmọ wò kété tí wọ́n bá bí i, kí ìtọ́jú lè tètè bẹ̀rẹ̀ ká tó rí ìrora àkọ́kọ́.

Nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni kí wọ́n ti wo HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti rẹ́kórẹ́kó, fún ọkọ àti ìyàwó. Ìyá tó ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè bí ọmọ tí kò ní in. Abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B jẹ́ mẹ́ta, ó sì máa ń gba oṣù mẹ́fà kó tó pé. Ẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lánàá. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó bá jẹ́ Rhesus negative, tí ti ọkọ jẹ́ positive, abẹ́rẹ́ kan wà tí ìyàwó gbọ́dọ̀ gbà láàárín wákàtí 72 tó bá bí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ positive, tàbí tí oyún bá wálẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí wárápá, kó kó gbogbo oògùn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó gbìyànjú oyún. Lisinopril àti sodium valproate wà lára èyí tí wọ́n lè ní láti pààrọ̀. Kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ ọtí wá kàn, kò sì sí ìlú tó yẹ kó tẹ́tí sí i tó Òde-Ìrèlè. Ní oṣù kẹrin 2015, orúkọ ìlú yìí wà lẹ́nu àwọn oníròyìn káàkiri àgbáyé. Àwọn ènìyàn tí ara wọn dá ṣáká ń kígbe pé orí ń fọ́ àwọn, pé ojú àwọn ń ṣú. Láàárín ọjọ́ kan ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú. Àwọn kan ń bẹ̀rù Ebola, àwọn mìíràn ní oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko ni. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ló ti lọ kí àyẹ̀wò tó sọ pé methanol ni, nínú ògógóró tí wọ́n mu. Methanol kò ní àwọ̀, ojú àti ahọ́n kò sì lè yà á sọ́tọ̀ lára ọtí gidi. Inú ara ló ti ń di ásíìdì tó ń fọ́ ojú.

Kí ló kan ẹni tó ń wá ọmọ nínú èyí? Ó kàn án, nítorí ògógóró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rẹ egbò. Obìnrin tí kò fẹnu kan ọtí rí á máa mu ṣọ́ọ̀tì kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, nítorí pé ìyakọ ló gbé ìgò náà wá, tó sì ní àgbo ọmọ ni. Bí oyún bá ti dúró láìmọ̀, ọmọ ń bá a mu ún. Kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí àwọn dókítà lè sọ pé kò lè pa ọmọ inú lára. A kò bá àgbo jà. Kí ẹ ṣáà bi ẹni tó gbé e wá léèrè ohun tó fi rẹ ẹ́, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ń mu ún.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà rèé: pùpùrù tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe kò ṣe nǹkan fún ẹnikẹ́ni bí ẹ̀gẹ́ náà bá ti wà nínú omi tó, tó sì yan dáadáa. Èyí tí wọ́n kánjú rẹ máa ń ní májèlé tó ń dí áyódìn lọ́wọ́ nínú ara, áyódìn yìí sì ni ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà. Láti 1993 ni Nàìjíríà ti sọ ọ́ di dandan kí áyódìn wà nínú iyọ̀. Ẹ ra èyí tó wà nínú ọ̀rá dídì, ẹ dé e, ẹ sì jẹ́ kí ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná kí ẹ tó fi sí i. Tìróò pọ̀ ní òjé, ìpara abóra púpọ̀ sì ní mẹ́kúrì. Kí obìnrin tó ń wá oyún jáwọ́ nínú méjèèjì.

Ẹ̀yin ọkọ náà, ẹ má ì tíì dìde. Àtọ̀ tí ẹ ní lónìí, ó ti lé ní oṣù méjì tí ara ti ń pèsè rẹ̀. Sìgá, igbó, pàràgà àti tramadol oṣù méjì sẹ́yìn ṣì wà nínú ìṣirò. Àtọ̀sí tí wọ́n fi oògùn kẹ́mísíìtì pa lẹ́nu lásán lè ti dí ọ̀nà. Nínú àwọn tó ń wá ọmọ tí kò tètè rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ibi tí ọwọ́ ọkùnrin ti wà níbẹ̀, ìyàwó nìkan la sì ń gbé kiri.

Àlámànàkì ara ògiri wúlò fún mímọ ọjọ́ tí oyún lè dúró. Kí ìyàwó fi bírò sàmì sí ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé: ní ọjọ́ 14 fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, ní ọjọ́ 18 fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 32. Ẹyin kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè lo ọjọ́ márùn-ún nínú obìnrin. Ọjọ́ tó ṣáájú ló ṣe pàtàkì ju èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí ọdún kan bá pé tí ẹ ń bá ara yín sùn déédéé tí oyún kò dúró, tàbí oṣù mẹ́fà bí ìyàwó bá ti pé ọmọ ọdún 35, ẹ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba nílé níbí, tàbí ní Òkìtìpupa. Wọ́n á mọ ẹni tí wọn yóò darí sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkọ ni kí ẹ fi ṣáájú, torí òun ló rọrùn jù. Kí ọkọ fi ọjọ́ méjì sí méje ta kété sí ìyàwó kó tó lọ, kí ó sì gba àtọ̀ náà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà gan-an. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kó dé ọwọ́ láàbù, èyí tí ẹ bá gbé lórí ọ̀kadà láti Òde-Ìrèlè sì lè ti kú kí ẹ tó dé Òkìtìpupa.