Ojú Awakọ̀ àti Pátákó Dígí Inú Ọkọ̀

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́, olúkúlùkù ohun tí awakọ̀ ń lò ni ó ní ipò tirẹ̀ àti bí ó ti rí lọ́wọ́. Òmíràn ṣe róbótó, a sì ń yí i. Òmíràn yọ sókè, a sì ń tẹ̀ ẹ́. Òmíràn jẹ́ ọ̀pá tí a ń gbé sókè-sódò. Ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ rẹ̀ dunjú lè na ọwọ́ mú èyí tí ó fẹ́ láì gbé ojú kúrò lọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, àwọn bọ́tìnnì wọ̀nyí ti dín kù. Pátákó dígí tí ń tàn bí tẹlifíṣọ̀n, tí a ń fi ìka kàn, ni ó rọ́pò wọn. Dígí náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọwọ́ nìkan kò lè mọ ibi tí ó kàn lórí rẹ̀. Ojú ni ó gbọ́dọ̀ wá a.

Pátákó yìí kì í ṣe ohun àná. Ilé-iṣẹ́ Buick ní Amẹ́ríkà ti fi í sínú ọkọ̀ Riviera ti ọdún 1986. Ó sì wúlò: ó ń fi ọ̀nà hàn, ó sì ń jẹ́ kí awakọ̀ tí ń fi ẹ̀yìn rìn rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ di ẹrù púpọ̀ lé e, nítorí pé ó ń dín ìnáwó wọn kù.

Ní ọdún 2022, ìwé ìròyìn Vi Bilägare ti ilẹ̀ Swídìn kó ọkọ̀ ìgbàlódé 11, pẹ̀lú Volvo V70 kan ti ọdún 2005, lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ń sáré kìlómítà 110 ní wákàtí kan, wọ́n sì ní kí awakọ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, irú bíi wíwá ìkànnì rédíò àti mímú kí ìjókòó móoru. Wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ́ kí awakọ̀ mọ ọkọ̀ náà dáadáa. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni Volvo àgbà náà gbà. Mítà 306 ni ó rìn. Èyí tí ó pẹ́ jù gba ìṣẹ́jú-àáyá 44.9, ó sì rin mítà 1,372, bí ẹni to pápá ìgbọ́ọ̀lù mẹ́tàlá gùn. Ní gbogbo àkókò tí ojú ń lọ ń bọ̀ lórí pátákó, ọkọ̀ kò dúró.

Ní Jámánì, ọkùnrin kan ń wakọ̀ nínú òjò líle ní ọdún 2019. Wáípà tí ń nu òjò lójú dígí iwájú ni ó fẹ́ mú yára, inú pátákó ni wọ́n sì fi í sí. Ibi tí ó ti ń wá a ni ọkọ̀ ti yà kúrò lọ́nà, tí ó kọlu igi. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ Karlsruhe fi ọwọ́ sí ìtanràn 200 yúrò àti oṣù kan láì wakọ̀. Bí awakọ̀ ti jẹ̀bi tó, ó ṣòro láti má ṣe béèrè ẹni tí ó fi wáípà pamọ́ síbẹ̀.

Euro NCAP, ẹgbẹ́ tí ń dán ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, kì í ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùrà ń wo ìràwọ̀ tí ó ń fún ọkọ̀. Láti ọdún 2026, ọkọ̀ tí kò bá ní bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá gidi fún iná ìyà-ọ̀nà, iná ewu, fèrè, wáípà àti ìpè pàjáwìrì yóò pàdánù máàkì.

Àwọn ọkọ̀ alátijọ́-díẹ̀ láti òkè òkun, tí a ń pè ní tòkunbọ̀, ń gbé pátákó yìí wọ Nàìjíríà pẹ̀lú. Kí awakọ̀ tó gbéra ni kí ó ti wá wáípà àti iná rẹ̀ rí. Bí ó bá sì di ojú ọ̀nà kí ó tó nílò ohun tí kò mọ ibi tí ó wà, kí ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà ná.